Ẹ Yẹ Àjà Wò Kí Ẹ Tó Ra Áńtẹ́nà
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí gbígba tẹlifíṣọ̀n àdúgbò láti òkè àjà ilé wa ní Houston

Bí mo bá sọ̀rọ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni, kí onítọ̀hún má ṣe dúró dìgbà tí mo bá parí. Kí ó nawọ́, n ó tún un sọ.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá síwájú yín lónìí. Ṣé áńtẹ́nà tí a gbé sí òkè àjà ilé wa níbí lè máa mú àwọn ìkànnì tẹlifíṣọ̀n àdúgbò wá fún wa ketekete, láìsan owó lóṣooṣù?

Èmi kò ní fi ìdáhùn mi pamọ́ dé òpin ọ̀rọ̀. Ó lè ṣe é, nínú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé tó wà ní àyíká Houston. Ṣùgbọ́n ilé ló ń pinnu, kì í ṣe áńtẹ́nà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń lọ sí ọjà, tí a ń ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí, tí a ń fi iye owó díwọ̀n agbára ohun tí a fẹ́ rà. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín, láti ìpele dé ìpele, ni pé ohun tó wà láàárín òpó tó ń tan ìgbì àti ẹ̀rọ tí ẹ ń wò ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mú ẹkún sun.

1. Kí ni à ń pè ní ìkànnì àdúgbò?

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí à ń wá kí a tó máa wá a. Ìkànnì àdúgbò ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí àjọ FCC ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fún ní ìwé àṣẹ láti máa tan ìgbì sí afẹ́fẹ́ fún ìlú kan àti agbègbè rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní áńtẹ́nà àti tẹlifíṣọ̀n ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á. Kò sí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, kò sí àdéhùn ọlọ́dún méjì, ẹnì kan ò sì ní já a nítorí pé owó oṣù ò tíì wọlé.

Ní Houston tiwa, KPRC ló ń gbé ètò NBC. Òun ni tẹlifíṣọ̀n tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìlú yìí, ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1949, nígbà tí orúkọ rẹ̀ ṣì ń jẹ́ KLEE. KHOU ló ń gbé ti CBS, KTRK ló ń gbé ti ABC, KRIV ló ń gbé ti Fox. KUHT, tó wà ní Yunifásítì Houston, ló ń gbé ti PBS. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1953 ni KUHT bẹ̀rẹ̀, òun sì ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìkẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ìlú tí a ń gbé kì í ṣe ìlú kékeré nínú ìtàn iṣẹ́ yìí.

Ta ló wá ń bọ́ wọn, bí a kò bá san owó? Àwọn tó ń polówó ọjà ló ń bọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ oníṣòwò. Ẹ̀bùn àwọn òǹwòran àti ìrànlọ́wọ́ mìíràn ló ń gbé KUHT ró. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òfin kébù ti ọdún 1992 ti jáde, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lè ní kí onílé-iṣẹ́ kébù san owó kí ó tó gbé ìkànnì òun. Onílé-iṣẹ́ kébù náà kò ní fi àpò ara rẹ̀ san án. Bí ẹ bá tú ìwé owó oṣù yín wò dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ìlà kan tó ń bu owó tẹlifíṣọ̀n àdúgbò lé yín. Ohun tó ń bọ́ sórí òrùlé yín lọ́fẹ̀ẹ́ tọ̀sán-tòru ni ẹ ń rà padà.

Ìyípadà ńlá kan ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2009. Lọ́jọ́ náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńláńlá ní Amẹ́ríkà pa ọ̀nà àtijọ́ tì, tí wọ́n sì bọ́ sórí díjítà pátápátá. Ìkànnì kan ṣoṣo lè ru ohun tó tó mílíọ̀nù 19 bíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan báyìí. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí 2.1 àti 2.2 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kúnwọ́ ètò ni ilé-iṣẹ́ kan ń dì sínú ẹrù kan náà.

Ẹ wá fi etí sí ibi yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Nọ́ńbà tó hàn lójú tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe nọ́ńbà tí ìgbì náà ń rìn lórí rẹ̀ nígbà gbogbo. KPRC ń pe ara rẹ̀ ní 2, ṣùgbọ́n orí ìkànnì 35 ni ìgbì rẹ̀ ń gbà kọjá. Nọ́ńbà 2 jẹ́ orúkọ àtijọ́ tí wọn kò fẹ́ kí àwọn òǹwòran gbàgbé. KRIV ń jẹ́ 26, orí 26 gan-an ló sì wà. KUHT, KHOU àti KTRK náà ń rìn lórí 8, 11 àti 13 tí wọ́n ń jẹ́. Ìyàtọ̀ yìí ló máa sọ irú áńtẹ́nà tó yẹ wá.

2. Ìgbì náà, ibi tó ti ń bọ̀, àti bó ṣe gùn tó

Ìgbì tẹlifíṣọ̀n jẹ́ ọmọ ìyá ìmọ́lẹ̀. Iyára kan náà ni wọ́n fi ń rìn, kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bíi ti ìmọ́lẹ̀, ó fẹ́ràn ọ̀nà tó tọ́, irin dídán a máa dá a padà, ohun tó nípọn a sì máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Níbo ló ti ń bọ̀? Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òpó tẹlifíṣọ̀n Houston wà ní agbègbè Missouri City, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìlú. Bí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá lálẹ́, ẹ ó rí iná pupa wọn tó ń ṣẹ́jú lókè réré. Gíga àwọn tó ga jù nínú wọn sún mọ́ ẹsẹ̀ bàtà 2,000. Ilẹ̀ Houston tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè, kò sí àpáta tó máa dúró sáàárín. Láti orí òpó tó ga tó bẹ́ẹ̀, ìgbì lè rìn tó nǹkan bí 60 máìlì kí ìtẹ̀kọ́rọ́ ayé tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e pamọ́ fún wa. Nítorí náà, Ọlọ́run ti ṣe apá tirẹ̀ fún wa nínú ọ̀ràn yìí. Ní àwọn ìlú tí òkè pọ̀ sí, tí àwọn òpó sì fọ́n káàkiri, ohun tí mo ń sọ lónìí kò ní rọrùn tó báyìí.

Ibi tí ilé yín wà ni yóò sọ ibi tí áńtẹ́nà yín máa dojú kọ. Ẹni tó ń gbé ní Katy, kí ó dojú rẹ̀ kọ gúúsù ìlà-oòrùn. Ẹni tó wà ní Pearland, kí ó dojú rẹ̀ kọ ìwọ̀-oòrùn. Láti Spring, gúúsù ni, ọ̀nà sì jìn ju 30 máìlì lọ. Láti Alief, gúúsù náà ni, ṣùgbọ́n kò jìn rárá.

Ó wá ku bí ìgbì ṣe gùn tó. Ìkànnì tẹlifíṣọ̀n tí a ń lò ní Houston pín sí agbo méjì. Agbo VHF, láti 7 dé 13, ń lo 174 sí 216 MHz. Agbo UHF, láti 14 dé 36, ń lo 470 sí 608 MHz. Tẹ́lẹ̀, UHF máa ń kọjá 36 lọ jìnnà, ṣùgbọ́n ìjọba ti ta òkè rẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù. Láti ọdún 2020, kò sí tẹlifíṣọ̀n lókè 36 mọ́. Ìgbì KUHT lórí ìkànnì 8 gùn ju mítà kan àtààbọ̀ lọ díẹ̀, ti KPRC lórí 35 kò ju ààbọ̀ mítà lọ. Ọ̀pá tó máa gba ìgbì dáadáa sábà máa ń tó ìdajì gígùn rẹ̀. Fún ìkànnì 8, ọ̀pá náà á tó 80 sẹ̀ǹtímítà. Fún 35, á tó 25.

3. Kí ni áńtẹ́nà?

Áńtẹ́nà jẹ́ irin tí a gé sí ìwọ̀n, tí a sì tò, kí ìgbì tó bá kọjá lára rẹ̀ lè mú iná tíntìntín jáde nínú rẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò mọ díjítà, kò mọ àtijọ́, kò mọ àwòrán olójú mímọ́. Ẹ̀rọ tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n ló mọ ìyẹn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí páálí tí wọ́n kọ ọ́ sí pé áńtẹ́nà inú rẹ̀ jẹ́ "díjítà" tàbí "4K", ọ̀rọ̀ ọjà ni.

Àwọn àgbà tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí ti mọ áńtẹ́nà kí wọ́n tó wọ bàlúù. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ sí í tan àwòrán ní Ìbàdàn. Láti ìgbà náà ni àwa ti ń ri páìpù sí ẹ̀gbẹ́ ilé, tí a ń so áńtẹ́nà mọ́ orí rẹ̀. Ọmọ kan á wà nídìí páìpù, yóò máa yí i. Àwọn tó wà nínú ilé á máa pariwo láti ojú wíńdò pé, "Ó ti dáa! Dá a dúró! Ó tún ti bàjẹ́!" Irú áńtẹ́nà olọ́pàá púpọ̀ tí a ń yí nígbà náà, èyí tó dà bí eegun ẹja, ilẹ̀ Jápáànù ló ti wá. Shintaro Uda àti Hidetsugu Yagi ló gbé e jáde ní ọdún 1926, a sì ń tà á dòní olónìí. Ìmọ̀ náà kò gbó.

Kí ló wá yí padà? Àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra áńtẹ́nà pẹlẹbẹ tí kò fẹ̀ ju bébà ìkọ̀wé méjì lọ, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. UHF ni ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ mọ̀ ọ́n gbà. Ẹni tó bá rà á ní Houston á rí KPRC, á rí KRIV, á sì máa wá ABC, CBS àti PBS títí. Á ní tẹlifíṣọ̀n òun ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá áńtẹ́nà rẹ̀ ló kúrú fún 8, 11 àti 13. Ẹni tó fẹ́ wo bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Texans lórí KHOU kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí. Ní ìlú wa, áńtẹ́nà tó bá máa wọ àjà gbọ́dọ̀ ní ọ̀pá gígùn fún VHF àti ọ̀pá kúkúrú fún UHF. Àjà sì ní ààyè fún un, torí irú áńtẹ́nà bẹ́ẹ̀ ò ṣeé gbé kọ́ sí pálọ̀ níṣojú àlejò. Àǹfààní àkọ́kọ́ tí àjà ní nìyẹn.

4. Kí ni àjà, kí ló sì wà nínú rẹ̀?

Àjà tí mo ń wí ni àlàfo tó wà láàárín síìlìn ilé àti òrùlé. Nílé wa, a mọ àjà gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ń kó ẹrù sí. Ní Houston, ó ju ibi ẹrù lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ amúlétutù ńlá sí, ibẹ̀ ni páìpù atẹ́gùn rẹ̀ ń gbà, ibẹ̀ ni wáyà iná ń gbà kọjá. Òwú tó ń dí ooru lọ́wọ́ sì wà lórí síìlìn níbẹ̀. Ohun gbogbo wọ̀nyí ní ohun tí wọ́n ń ṣe sí ìgbì. Èyí gan-an ló mú kí n sọ pé ilé ló ń pinnu.

Òrùlé ló ṣáájú. Bí òrùlé yín bá jẹ́ ti pákó tí wọ́n tẹ́ ìbòrí dúdú oní-ọ̀dà lé, bí ọ̀pọ̀ ilé ṣe rí níbí, ìgbì máa wọlé. Ó máa rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó sì máa rẹ̀ ẹ́ sí i bí òjò bá ti rin òrùlé náà, ṣùgbọ́n yóò wọlé. Bí òrùlé bá jẹ́ páànù, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Irin kì í jẹ́ kí ìgbì kọjá, á ta á padà sójú ọ̀run.

Èyí tó ń tan àwọn èèyàn jẹ jù ni ẹ̀kẹta. Nítorí ooru Texas, ọ̀pọ̀ ilé tuntun ni wọ́n fi pákó tí wọ́n lẹ fóìlì dídán mọ́ nínú kan òrùlé rẹ̀. Láti ìta, òrùlé pákó lásán ni ẹ ó rí. Láti inú, fóìlì bo gbogbo abẹ́ òrùlé látòkè délẹ̀. Ó ń dí ooru lọ́wọ́ lóòótọ́, ó sì dín owó iná kù. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń dá ooru padà náà ló ń dá ìgbì tẹlifíṣọ̀n padà. Irú àjà bẹ́ẹ̀ ti di àpótí irin. Kò sí áńtẹ́nà olówó ńlá kankan tó lè yọ ọ́.

Báwo lẹ ó ṣe mọ̀? Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì, ẹ yọ orí sí àjà, ẹ tan iná náà sí abẹ́ òrùlé. Bí ẹ bá rí àwọ̀ igi, ẹ dúpẹ́. Bí iná bá ń kọ mọ̀nà bíi dígí tó ṣókùnkùn, fóìlì ni. Àyẹ̀wò yìí kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kò sì náni ní kọ́bọ̀. Síbẹ̀, ó ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára páálí lọ.

Lẹ́yìn òrùlé ni àwọn ohun inú àjà. Páìpù atẹ́gùn tí wọ́n fi fóìlì wé kò gbọdọ̀ wà láàárín áńtẹ́nà àti Missouri City. Ẹ má gbé áńtẹ́nà ti ara ẹ̀rọ amúlétutù, nítorí mọ́tò rẹ̀ a máa ta ìgbì ìdààmú, ìkànnì VHF ló sì ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Àwọn gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Bí KUHT bá ń já nígbà tí ẹ bá tan iná ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ ti mọ ọ̀daràn náà nìyẹn.

5. Kí ló dé tí díjítà fi ń lọ lójijì?

Ní ayé àtijọ́, bí ìgbì bá ti ń rẹ̀ sílẹ̀, àwòrán á máa funfun wínníwínní, ohùn á máa hó, ṣùgbọ́n a ṣì ń wo bọ́ọ̀lù. Díjítà kò mọ àbọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lè mọ́ gaara, ó sì lè má sí rárá. Láàárín méjèèjì ni àwòrán ti ń dì, tí ó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, tí ohùn sì ń já.

Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ inú tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ gbọ́ ìgbì náà ju ariwo tó yí i ká lọ pẹ̀lú ìwọ̀n kan, tó tó nǹkan bí désíbẹ̀lì 15. Désíbẹ̀lì ni òṣùwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ yìí fi ń wọn èrè àti àdánù agbára ìgbì. Bí ẹ bá pàdánù 3, ìdajì agbára ti lọ. Bí ẹ bá pàdánù 10, ìdá kan nínú mẹ́wàá ló kù. Bí ẹ bá pàdánù 20, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ló kù.

Ẹ fojú inú wo ọ̀rẹ́ yín tó ń pè yín láàárín ọjà Bódìjà lọ́jọ́ tó kún. Bí ohùn rẹ̀ bá borí ariwo ọjà, ẹ ó gbọ́ orúkọ yín pérépéré. Bí ariwo bá fi díẹ̀ borí rẹ̀, ẹ kò ní gbọ́ ìdajì orúkọ, ńṣe ni ẹ máa kọjá lọ. Bí ẹnì kan bá wá gba ohùn rẹ̀ àti ariwo ọjà sílẹ̀ pọ̀, tó sì fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé méjèèjì jáde, ẹ kò tíì gbọ́ ohun tó yàtọ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ámpìlífáyà wà. Ámpìlífáyà kì í dá ìgbì tó ti sọnù padà. Ohun tó bá bá lẹ́nu wáyà, ìgbì àti ariwo, ló máa gbé ga pọ̀. Bí fóìlì òrùlé bá ti pa ìgbì náà, ariwo tó ga ni ẹ ó gbà lọ́wọ́ ámpìlífáyà. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kí ó dúró nítòsí áńtẹ́nà, kí ó ti ìgbì tó ṣì dára lẹ́yìn kí wáyà gígùn má bàa rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nítòsí Missouri City, ẹ má tilẹ̀ sún mọ́ ọn: ìgbì tó pọ̀ jù a máa da tẹlifíṣọ̀n lójú rú bíi ti èyí tó kéré jù.

6. Ìṣirò wáyà

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ilé kan. Wáyà RG-6, tí a ń lò fún tẹlifíṣọ̀n, a máa jẹ nǹkan bí désíbẹ̀lì 5 lórí ẹsẹ̀ bàtà 100 ní ìkànnì UHF. Bí ẹ bá fa ẹsẹ̀ bàtà 50 láti àjà dé pálọ̀, 2.5 ti lọ. Bàbá ní pálọ̀ ń fẹ́, ìyá ní yàrá ń fẹ́, àwọn ọmọ méjì náà ń fẹ́. Ẹ wá ra apínwáyà ẹlẹ́nu mẹ́rin. Òun nìkan á jẹ nǹkan bí 7. Àpapọ̀ rẹ̀ sún mọ́ 10. Ìyẹn ni pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí áńtẹ́nà gbà ló dé ara tẹlifíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan.

Ní Alief, èyí lè má jẹ́ nǹkan kan, nítorí ìgbì tó ń wọlé pọ̀ yanturu. Ní Spring, ó lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín àwòrán àti òkùnkùn. Ìdí nìyí tí áńtẹ́nà kan náà, láti ilé ìtajà kan náà, fi ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n tí kò sì ṣiṣẹ́ fún àbúrò. Ẹ̀gbọ́n á ní, "Tèmi ń ṣe dáadáa o," àbúrò á rò pé wọ́n ta ayédèrú fún òun. Ilé ló ń pinnu.

7. Àwọn tí kò gbà pẹ̀lú mi

Mo mọ̀ pé àwọn kan ní àtakò nínú, ó sì tọ́ kí n dá wọn lóhùn.

Ẹni àkọ́kọ́ á ní, "Ṣé orí òrùlé kò dára ju inú àjà lọ ni?" Ó dára jù ú lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé àjà ń gba ìgbì ju ìta lọ, irọ́ ló ń pa. Ẹ kò sì gbọdọ̀ torí ìbẹ̀rù ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù àdúgbò sá wọ àjà. Láti ọdún 1996, òfin FCC ti wà pé ẹgbẹ́ onílé kò lè dí yín lọ́wọ́ láti gbé áńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n àdúgbò sórí ilé tó jẹ́ tiyín. Bí òrùlé yín bá jẹ́ oní-fóìlì, òfin yìí ni ààbò yín: ẹ gbé e síta. Kí ló wá dé tí mo ṣì fi ń yin àjà? Nínú àjà, ìjì kò ní yí áńtẹ́nà kúrò ní ojú ibi tó ń wò, òjò kò ní dá ìpẹtà sí ẹnu wáyà rẹ̀, àrá kò ní rí i gẹ́gẹ́ bí ohun tó yọ sókè jù. Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún kò sì ní gun orí òrùlé láti tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ báyìí: orí òrùlé ń gbà jù, àjà ń tọ́jọ́ jù. Níbi tí ìgbì bá ti tó méjèèjì, kí a yan èyí tó máa tọ́jọ́.

Ẹnì kejì á ní, "Ayé íntánẹ́ẹ̀tì la wà, kí la fẹ́ fi áńtẹ́nà ṣe?" Ẹ rántí oṣù Keje ọdún 2024, nígbà tí ìjì Beryl kọjá lórí wa. Iná mànàmáná lọ fún àwọn oníbàárà tó ju mílíọ̀nù 2 lọ. Ilé tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ pẹ̀lú iná, ṣùgbọ́n tó ní jẹnẹrétọ̀ kékeré àti áńtẹ́nà, ṣì lè gbọ́ ìròyìn àdúgbò. Mi ò sọ pé nǹkan kan kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, omi ìjì Harvey lé àwọn òṣìṣẹ́ KHOU kúrò ní ilé wọn ní Allen Parkway. Ilé KUHT ní Yunifásítì Houston ni wọ́n ti padà rí ibi tí wọ́n ti ń bá iṣẹ́ lọ. Ẹ wo ohun tí ìyẹn kọ́ wa. Nígbà ìpọ́njú, àwọn tó wà nínú ìlú pẹ̀lú wa, tí omi kan náà wọ ilé wọn, ló ń sọ òpópónà tí a kò gbọdọ̀ gbà. Ó yẹ kí ọ̀nà tí a fi ń gbọ́ ohùn wọn ju ẹyọ kan lọ.

Ẹnì kẹta á bèèrè bóyá òun lè di tẹlifíṣọ̀n àti áńtẹ́nà rẹ̀ sínú kọ̀ńténà lọ sí Nàìjíríà. Áńtẹ́nà á ṣiṣẹ́ níbi tí ìkànnì bá ti wọ ìwọ̀n ọ̀pá rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n náà lọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀. Amẹ́ríkà ń lo ìlànà ATSC. Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ díjítà tirẹ̀ ní Jos ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, ń lo DVB-T2. Àwọn méjèèjì kò gbọ́ èdè ara wọn, ẹ ó nílò àpótí agbàwòrán ti ọ̀hún.

Ẹ ó sì tún gbọ́ nípa ATSC 3.0, ìlànà tuntun tí FCC fọwọ́ sí ní ọdún 2017. Tẹlifíṣọ̀n ni ìyẹn ń yí padà. Áńtẹ́nà tó wà lájà kò níṣòro pẹ̀lú rẹ̀.

8. Ètò iṣẹ́

Bí gbogbo ohun tí mo ti sọ bá rí bẹ́ẹ̀, ètò iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Èkínní, ẹ fi àdírẹ́sì yín wo máàpù ìgbàwòrán tí FCC gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó máa sọ ìkànnì tí ìgbì ń rìn lórí rẹ̀ gan-an, bó ṣe lágbára tó, àti ibi tó ti ń bọ̀. Ìkànnì a máa yí padà, nítorí náà ẹ má gbára lé ohun tí mo sọ lónìí títí ayé. Èkejì, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì lọ wo abẹ́ òrùlé. Ẹ̀kẹta, ẹ wá ibì kan nínú àjà tí páìpù atẹ́gùn kò dí, ní ìhà tó kọjú sí àwọn òpó. Ẹ̀kẹrin, ẹ ra áńtẹ́nà tó mọ VHF àti UHF. Ẹ̀karùn-ún, ẹ so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo, kí ẹ ní kí tẹlifíṣọ̀n náà wá ìkànnì. Lẹ́yìn náà, ẹ sún áńtẹ́nà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tún wá a. Nínú àjà, ìgbì ń kọlu irin, ó ń padà, ó sì ń pàdé ara rẹ̀. Ibi tí kò ṣiṣẹ́ lè máà ju ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ibi tó ń ṣiṣẹ́ lọ. Nígbà tí ìyẹn bá dáa tán ni kí ẹ tó ronú apínwáyà. Ámpìlífáyà ló kẹ́yìn, bó bá pọn dandan.

Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kan. Ooru àjà ní Houston lè kọjá 120 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ lọ, kí ẹnì kan sì wà nísàlẹ̀ tó mọ̀ pé ẹ wà lókè. Orí igi àjà nìkan ni kí ẹ máa tẹ̀. Síìlìn kò lè gbé èèyàn, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á bá ara rẹ̀ ní pálọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ṣe tán. Ìbéèrè wa ni bóyá áńtẹ́nà orí àjà lè mú tẹlifíṣọ̀n àdúgbò wá fún wa. Mo ti fi hàn pé ilẹ̀ Houston tẹ́, pé àwọn òpó ga, pé wọ́n sì wà papọ̀ níbì kan. Ohun tó kù ni òrùlé, ọ̀pá, wáyà àti ibi tí a gbé e sí, gbogbo rẹ̀ ló sì wà lábẹ́ òrùlé tiwa.

Nítorí náà, mo fẹ́ dábàá nǹkan kan fún alága àti àwọn olóyè ẹgbẹ́ wa. Ọ̀pọ̀ àgbà nínú ẹgbẹ́ yìí ló ń dá gbé, tí owó kébù ń wọ̀ lọ́rùn, tí wọn kò sì lè gun àkàbà. Àwọn ọ̀dọ́ wa ní àkàbà, wọ́n ní tọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì mọ fóònù lò. Kí ẹgbẹ́ yan àárọ̀ Sátidé kan kí ooru tó mú, kí àwọn ọ̀dọ́ máa lọ ní méjì méjì sí ilé àwọn àgbà láti yẹ àjà wò. Kí wọ́n má ra ohunkóhun lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n kàn kọ ọ́ sílẹ̀ fún onílé: òrùlé igi tàbí ti fóìlì, ìhà tí òpó wà, bí wáyà ṣe máa gùn tó. Pẹ̀lú ìwé kékeré yẹn lọ́wọ́, ẹni tó bá lọ sí ọjà á mọ ohun tó fẹ́ rà, ẹni tí ilé rẹ̀ kò bá sì gbà á náà á mọ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó kù sí ọwọ́ yín, ẹ máa bèèrè.